Orúkọ Ọmọbìnrin Láàrín Àwọn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Láìpẹ́ yìí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a pè wá sí ilé kan ní Ifákọ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ifákọ̀ tí a ń wí ni èyí tí ó wà lẹ́bàá Gbàgádà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́, kì í ṣe Ifákọ̀ ti Ìjàyè. Ìpínlẹ̀ Èkó ni méjèèjì wà, àwọn àlejò a sì máa ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ìyàwó ilé náà ti bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́fà ní ọjọ́ tí a débẹ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí ẹbí péjọ, síbẹ̀ orúkọ kò tíì dúró. Kì í ṣe pé orúkọ wọ́n wọn. Ó pọ̀ jù fún wọn ni.

Ọmọ méjì ni ó ti wà nínú ilé náà ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin sì ni àwọn méjèèjì. Bàbátúndé ni àkọ́bí, nítorí pé kò pé oṣù mẹ́ta tí bàbá bàbá rẹ̀ kú tí a fi bí i. Ayọ̀túndé ni èkejì. Ọmọ kan ti wà láàrín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò dúró. Nígbà tí a sì bí eléyìí tí ó yè, bàbá rẹ̀ ní ayọ̀ ti tún dé. Nísinsìnyí tí ó kan ẹ̀kẹta, àbúrò bàbá ọmọ, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń ṣe olùkọ́, sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí: Bàbátúndé, Ayọ̀túndé, Yétúndé. Ó dùn létí, ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn kan náà, obìnrin sì ni ọmọ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà, tí í ṣe ìyá bàbá ọmọ, jókòó sí igun yàrá. Òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wo ni ó tún dé? Àbí èmi tí mo jókòó yìí ni ẹ ti sin?"

Ìyá ìyàwó pẹ̀lú wà láàyè ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí ìyá ńlá kankan nínú ilé méjèèjì tí ó kú ní ọdún tí a ń wí. Ẹ̀rín ta nínú yàrá, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ni wọ́n bá yíjú sí wa pé kí àwa wí tiwa. A wí díẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí ènìyàn lè wí tán lórí ìjókòó lọ, a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkàwé wa ni ó ń bá irú rẹ̀ pàdé. Nítorí náà ni a ṣe fi í ṣe ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí.

Àwọn àgbà wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í tún bi ara wa léèrè pé kí ni "ilé" inú rẹ̀. Ohun èkíní tí ó jẹ́ ni ìdílé, èyíinì ni iṣẹ́ àti oyè tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba. Ilé ọba a máa fi Adé bẹ̀rẹ̀ orúkọ, ilé ìjòyè a fi Oyè, ilé akọni a fi Akin, ilé ọdẹ a fi Ọdẹ, ilé onílù a fi Àyàn, ilé oníṣọ̀nà a fi Ọnà. Bí a bá gbọ́ Àyàndélé àti Àyànkúnlé, tí a sì tún gbọ́ pé àbúrò wọn obìnrin ń jẹ́ Àyànkẹ́, kò sí ẹni tí yóò bèèrè bí wọ́n ti ṣe jọra. Ìdílé ni ó so wọ́n pọ̀; àwọn òbí kò wá ìjọra kiri. Òyìnbó tí ó bá fi orúkọ baba sí ìparí orúkọ ọmọ ń ṣe ohun kan náà ní ọ̀nà mìíràn. Ní Róòmù àtijọ́ a tilẹ̀ ń mú orúkọ ìdílé náà pọ́ńbélé fún àwọn ọmọbìnrin: ọmọbìnrin ilé Julius, Julia ni, bí wọ́n bá jẹ́ méjì, Julia ni àwọn méjèèjì, a ó kàn máa fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa kò rò pé ìyá Yorùbá kan yóò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ohun èkejì tí ilé jẹ́ ni ìṣẹ̀lẹ̀, ohun tí ó ń lọ nínú ilé nígbà tí ọmọ dé. Ibí yìí ni Abíọ́dún ti wá fún ọmọ tí a bí ní àkókò ọdún, àti Abíọ́nà fún èyí tí a bí sí ojú ọ̀nà, àti Tòkunbọ̀ fún èyí tí a bí sí ìlú òkèèrè tí a sì gbé bọ̀ wá sílé. Ibẹ̀ náà ni Bàbátúndé àti Yétúndé ti wá, àti Ìyábọ̀ àti Yéwándé tí í ṣe ẹlẹgbẹ́ Yétúndé. Ẹ kíyèsí i pé gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ń jẹ́ Abíọ́nà ń wí pé ojú ọ̀nà ni a bí mi sí. Bí ó bá jẹ́ pé orí ibùsùn ní ilé ìwòsàn ni a bí i sí, irọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń pa, bí ó tilẹ̀ bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu dáradára. Ìyá àgbà ti Ifákọ̀ kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Yétúndé dára, kò kàn tíì ṣẹlẹ̀ ni.

Òun fúnra rẹ̀ mọ iye orúkọ ju gbogbo wa lọ. Láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí ilé náà, kò pe ọmọ náà ní Bàbátúndé rí. "Ọkọ mi" ni ó ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ opó tí ọkọ rẹ̀ padà wá sílé, nítorí obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ. Ọmọ ọdún méje ni ọkọ náà, ó sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Ohun ẹ̀kẹta tí ilé jẹ́ ni àwọn ọmọ tí ó ti ṣáájú, òun sì ni kókó ẹ̀kọ́ wa. Àwọn orúkọ kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ni ó ń yàn wọ́n fún àbúrò, tí òbí kò ní ohun kan láti wí sí i. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ wọ́n: Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ìbejì, ẹni tí a bí tẹ̀lé wọn, ìbáà ṣe akọ tàbí abo, Ìdòwú ni, ẹni tí ó tẹ̀lé Ìdòwú, Àlàbá ni, Ìdògbé sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó yẹ kí a kíyèsí ohun kan nínú èyí, pé ọmọ tí a bí ní òun nìkan ń ru orúkọ tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹlòmíràn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdòwú lè dàgbà kí ó di adájọ́ tàbí oníṣègùn. Nígbàkúùgbà tí a bá pè é, a ń rántí pé ìbejì ni ó ṣáájú rẹ̀. Yorùbá kò rí i bí ìyà, nítorí pé ìbejì pọ̀ láàrín wa, tí gbogbo ayé sì mọ Ìgbò-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn orúkọ tí a fi ọwọ́ ara wa yàn, ó yẹ kí a rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi ẹ̀gbọ́n sí ẹnu ọ̀nà ayé àbúrò.

Àwọn orúkọ àmútọ̀runwá mìíràn kò wo ẹ̀gbọ́n rárá. Ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wá, Àìná ni. Ọmọkùnrin irú rẹ̀, Òjó ni. Èyí tí ó da ojú délẹ̀, Àjàyí ni. Èyí tí ó mú irun dídì wá, Dàda ni. Àwọn ará Akan ní orílẹ̀-èdè Gánà ní tiwọn ń fi ọjọ́ tí a bí ọmọ sọ ọ́ lórúkọ: ọmọbìnrin ọjọ́ Ẹtì ni Afua, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ama. Bí Ọlọ́run bá wá fún ìyá kan ní ọmọbìnrin méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ ọjọ́ kan náà ni yóò kan àwọn méjèèjì, ó sì di dandan kí wọ́n fi orúkọ mìíràn yà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ etí, nítorí pé etí ni ó mú kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìjọra orúkọ láàrín ọmọ ìyá kì í ṣe ohun búburú. Ó dùn mọ́ni, a sì ń fi í mọ ọmọ ilé kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó wo ibi tí ìjọra náà wà, bóyá orí orúkọ ni tàbí ìdí rẹ̀. Àwa ará Èkó kì í pe orúkọ tán. Adébáyọ̀ di Báyọ̀, Ọlábísí di Bísí, Olúfúnmiláyọ̀ di Fúnmi. Bí orí orúkọ bá jọra, ìdí wọn ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí a bá gé e kúrú: Ọládípọ̀, Ọlábísí àti Ọlátáyọ̀ yóò di Dípọ̀, Bísí àti Táyọ̀, ilé yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdí bá jọra, tí a ní Adéwálé, Ọláwálé àti Akínwálé, Wálé mẹ́ta ni a bí. Ìyá yóò pe Wálé láti ibi ìdáná, àwọn mẹ́ta yóò dáhùn, tàbí kí ó burú jù bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má dáhùn, kí olúkúlùkù wí pé òun rò pé ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe orúkọ nínú ìwé ní òwúrọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tí a ń wí, pàápàá bí ọmọ ìyá mẹ́ta bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ní ilé ti Ifákọ̀, wọ́n ti yanjú ti èkíní àti èkejì: ọ̀kan ń jẹ́ Túndé, èkejì ń jẹ́ Ayọ̀. Ẹ̀kẹta ì bá wá da ilé rú.

Ọ̀nà kan sì wà tí ó sàn ju ìró lọ, èyíinì ni kí ìtumọ̀ bá ìtumọ̀ sọ̀rọ̀. Bí àwọn ọkùnrin ilé kan bá ń jẹ́ Akínwùmí àti Akíndélé, àwọn òbí a máa dààmú nígbà tí obìnrin bá dé, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí a fi Akin bẹ̀rẹ̀ orúkọ obìnrin. Kò yẹ kí wọ́n dààmú. Ọmọ́wùmí bá Akínwùmí mu délẹ̀délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wí pé akin wu òun, àbúrò ń wí pé ọmọ wu òun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ Yorùbá kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Abíọ́lá wà lọ́kùnrin, ó wà lóbìnrin, bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀délé àti Olúwaṣeun. Àwọn díẹ̀ ni a fi pamọ́ fún obìnrin, àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ ìkẹ́ àti ẹwà: Fọlákẹ́, Morẹ́nikẹ́, Ọmọ́dùnní, Adéṣewà. Kí ẹni tí ó ń wá orúkọ obìnrin kọ́kọ́ ka ìwọ̀nyí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n, kí ó sì fi etí sí i bí ẹni ń gbọ́ gbólóhùn kan. Nítorí gbólóhùn ni orúkọ Yorùbá, orúkọ ọmọ mẹ́ta sì jẹ́ gbólóhùn mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ẹkúndayọ̀, Ayọ̀délé, Ayọ̀kúnlé: ẹni tí kò mọ ilé náà rí yóò mọ̀ pé wọ́n ti sunkún níbẹ̀ rí, tí ayọ̀ sì wá, tí ó sì pọ̀ sí i.

Ibí yìí ni a bá ohun tí ó wúwo pàdé ní Ifákọ̀. Ìyá ọmọ kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti jókòó. Ó di ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń gbọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ti fi Yétúndé sílẹ̀ tí wọ́n sì ń wá túndé mìíràn kiri, tí ẹnìkan ní kí ó jẹ́ Ọlátúndé, tí ẹlòmíràn ní Ọmọ́túndé, ó wí jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo orúkọ ilé wa ni ó ń wẹ̀yìn." Ọmọ́túndé, bí a bá kà á tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n, ń wí pé ọmọ tí ó lọ ni ó padà wá. Ìyá kò fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa dáhùn sí orúkọ òkú.

A kò lè fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn baba wa, tí ikú ọmọ wọ́pọ̀ láàrín wọn, fi orúkọ bá ikú jà. Málọmọ́ ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n bẹ̀, Dúrójayé ni èyí tí wọ́n rọ̀, Kòsọ́kọ́ sì ni èyí tí wọ́n wí fún pé ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ ti tán. Ọba tí ó jẹ ní Èkó láti 1845 sí 1851 ni ó jẹ́ orúkọ yìí, nítorí náà kì í ṣe orúkọ tálákà nìkan. Lónìí àwọn oníṣègùn ti fi hàn wá pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú ni ibà pa, tàbí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní orílẹ̀-èdè wa, bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ni ó gbé irúgbìn àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí àìsàn lára rẹ̀. Bí irú wọn méjì bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní wà nínú ewu, ìpín kan nínú mẹ́rin, pé ọmọ náà yóò ní àrùn náà. Yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó gbé ìyàwó ni ó ń bá èyí jà. Orúkọ kò lè bá a jà. Bí bẹ́ẹ̀ bá rí, kí ni ìdí tí a ó fi di ẹrù ìjà náà lé ọmọ aláìlera ọjọ́ mẹ́jọ lórí?

Nígbà tí ìyá náà sọ̀rọ̀, ọkàn wa lọ sí ọ̀dọ̀ Jobu. Ọmọ mẹ́wàá ni ó kú fún un ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìpọ́njú rẹ̀, a bí ọkùnrin méje àti obìnrin mẹ́ta fún un, ohun tí ó sì ṣọ̀wọ́n nínú ìwé àtijọ́ ni pé a kò dárúkọ àwọn ọkùnrin méje wọ̀nyí, àwọn obìnrin ni a dárúkọ: Jemima, Kesia àti Keren-happuki. Kesia jẹ́ orúkọ igi olóòórùn dídùn kan. Keren-happuki ni ìwo tí a ń rọ tìróò sí. Bàbá tí ó sin ọmọ mẹ́wàá sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìwo tìróò! Kò sí èyí nínú wọn tí ó wí pé ayọ̀ tún dé, tàbí pé ẹni tí ó lọ ti padà. Kì í ṣe pé ó gbàgbé àwọn ti ìṣáájú. Ó kàn jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí wà fún ara wọn ni. Wòlíì Hosea ṣe òdìkejì rẹ̀: ó sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Lo-ruhama, ẹni tí a kò ṣàánú fún, kí ó lè jẹ́ ìwàásù fún orílẹ̀-èdè. Wòlíì ni, a sì rán an. Kí àwa tí a kò rán má ṣe fi ọmọ wàásù.

Ẹlòmíràn lè bèèrè ohun tí ìjọ wí sí i. Ìwé Àdúrà kò béèrè ju pé kí a dárúkọ ọmọ lọ. Kò sọ pé orúkọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òyìnbó. Àwọn baba wa ni ó rò bẹ́ẹ̀. Àjàyí ọmọ Òṣogùn gba ìrìbọmi ní Sàró ní 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni Samuel, Abigail, Susan, Josiah, Juliana àti Dandeson, ìkẹ́yìn yìí sì jẹ́ orúkọ Dandeson Coates, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. Ní ti ìjọra, wọ́n jọra dáradára. Ṣùgbọ́n ọmọ Abigail, tí a bí ní 1864, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Herbert Macaulay, ní Ọláyínká nínú àwọn orúkọ tirẹ̀. Ó yẹ kí a rántí ọmọbìnrin kan pẹ̀lú, Àìná, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ní Òkè-Ọ̀dàn, tí ọ̀gágun ojú omi Frederick Forbes gbà ní 1850 tí ó sì mú lọ sọ́dọ̀ Ayaba Victoria. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: ó fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó sì fi ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kún un, nítorí Bonetta ni ọkọ̀ náà ń jẹ́. A ti gbọ́ orúkọ tí a fi wo ilé. Èyí ni a fi wo ọkọ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún náà ni ọ̀pọ̀ ní Èkó ronú pìwà dà nípa èyí. Àlùfáà James Johnson, tí ó wà ní ìjọ Breadfruit kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, wà lára àwọn tí ó tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa fi orúkọ ilẹ̀ wa ṣe ìrìbọmi. David Brown Vincent ti ìjọ Onítẹ̀bọmi sọ ara rẹ̀ di Mojọlá Agbẹ̀bí ní 1894, Jacob Henryson Samuel sì di Adégbóyèga Ẹ̀dun. Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, kọ orí kan sílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson sì mú kí ó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pé ọjọ́ keje ni a ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé Nathaniel, Samuel àti Obadiah ni orúkọ tí a fi mọ òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀.

Nínú ìwé rẹ̀ náà ni ó ti fi oríkì sí ipò tirẹ̀, àwa sì gbà pé oríkì ni ó yanjú ìṣòro ti ọ̀pọ̀ ilé. Àdùkẹ́, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àníkẹ́: gbogbo wọn ń wí ohun kan, pé a ó kẹ́ ọmọ yìí, ṣùgbọ́n wọn kò wí i bákan náà. Àdùkẹ́ ni a ń du láti kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ni a bẹ̀ kí a tó rí kẹ́, Àjọkẹ́ ni gbogbo wa jọ ń kẹ́. Ìyá àgbà ni ó sábà máa ń fún ọmọ ní oríkì, òun náà ni ó sì máa ń lò ó jù. Ilé tí ó bá ń jà lórí orúkọ, kí ó rántí pé àyè orúkọ ọmọ Yorùbá kan pọ̀: bàbá ní tirẹ̀, ìyá ní tirẹ̀, ìyá àgbà ní oríkì. Kò di dandan kí orúkọ kan ṣoṣo ru gbogbo ẹrù.

A rí i kà nínú ìhìnrere pé nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Sakaraya lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ìbátan ti mú orúkọ bàbá rẹ̀ fún un, nítorí kò sí ẹnìkan nínú ẹbí tí ń jẹ́ Johanu. Ìyá ni ó kọ́kọ́ wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá tí kò lè sọ̀rọ̀ fara mọ́ ohun tí ó wí, ó kọ ọ́ sí wàláà. A sọ èyí ní Ifákọ̀, a kò sì fi ohun púpọ̀ kún un. A kàn bi ìyá ọmọ léèrè ohun tí òun ń pe ọmọ náà ní òru, nígbà tí kò sí ẹnìkan nínú yàrá. Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀, ó ní Morẹ́nikẹ́.

Orúkọ náà kò jọ Bàbátúndé ní ìró, kò sì jọ Ayọ̀túndé. Ṣùgbọ́n kí ẹ ka àwọn mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn: bàbá ti tún dé, ayọ̀ ti tún dé, mo rí ẹni kẹ́. Ẹ̀kẹta kò yíjú sẹ́yìn, síbẹ̀ kò já okùn. Bàbá ọmọ rò ó títí, ó gbà, ó sì fi Ayọ̀bámi tirẹ̀ kún un nítorí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kejì, pé kí Ayọ̀ má baà dá nìkan wà nínú ilé. Ìyá àgbà fún un ní Àbẹ̀kẹ́. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde rán orúkọ mẹ́rin wá, a kò ní kà wọ́n síbí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí oyin àti iyọ̀ ti yí ká, olùkọ́ wa, ẹni tí ó ti mú Yétúndé wá, ni a fún ní ìwé láti kọ àwọn orúkọ sílẹ̀ fún ìrìbọmi. Ó kọ wọ́n dáradára, ó fi àmì sí orí àti ìsàlẹ̀ wọn bí ó ti tọ́, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣì wọ́n pè. Ìyá àgbà ní kí ó kà á sókè fún òun. Ó kà á. Ìyá àgbà mi orí, ó wo ọmọ tí ó ń sùn, ó wá ní, "Ó dára. Ìwọ náà, má sọ Yétúndé tìrẹ nù o. Fi í pamọ́ sí ibi tí ó dára. A ó lò ó. Ṣùgbọ́n kò yá."